Sísọ irin gìtá tuntun di ògbólógbòó: ẹ wá là mí lọ́yẹ̀

Okùn Mẹ́fà (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ní gìtá tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Fender ń pè ní Stratocaster, tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kàn mí. Funfun ni wọ́n kùn ún látilẹ̀wá, ṣùgbọ́n funfun náà ti fà sí yẹ́lò, òógùn òun eruku sì ti wọ igi ọrùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bíríìjì rẹ̀, irin tí okùn jókòó lé lára gìtá, ló wá dógùn-ún débi pé àwọn sìkúrù tín-ín-rín tó ń gbé okùn sókè kò yí mọ́, eyín kíì méjì, ohun tí a ń yí lórí gìtá láti fa okùn le, sì ti jẹ tán. Mo ra bíríìjì tuntun, mo ra kíì mẹ́fà tuntun. Ohùn rẹ̀ dára, okùn kì í sì í tú mọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà á. Gìtá náà wá dà bí àgbàlagbà tó wọ bàtà ọmọ ilé-ìwé.

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi ásíìdì sọ irin tuntun di ògbó. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí irin kò fi ní bàjẹ́? Wọ́n kọ ọ́ sára páálí bíríìjì pé kírómù ni. Wọn kò kọ nǹkan kan sára ti kíì.

Bàbá Píkọ́ọ̀pù (Sùúrùlérè)

Àbúrò, òótọ́ ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀. Fender fúnra wọn ló gbé e wá sí gbangba ní 1995, nígbà tí Custom Shop wọn, ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ àkànṣe wọn, kó gìtá tuntun tí wọ́n ti sọ di ògbólógbòó jáde, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Relic. Vince Cunetto, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ló ń bá wọn ṣe é títí di 1999. Ní 2009 wọ́n tún gbé Road Worn jáde fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó Custom Shop. Gibson, ilé-iṣẹ́ gìtá mìíràn, náà ní tiwọn, Murphy Lab, tí wọ́n fi orúkọ Tom Murphy, oníṣẹ́ gìtá wọn, sọ. Ẹni tó bá ní ohun àjèjì lò ń ṣe, má wulẹ̀ dá a lóhùn.

Kó o tó fọwọ́ kan ásíìdì, mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ni wọ́n fi bo irin náà? Níkẹ́lì àti kírómù kì í gbó bákan náà rárá. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ oòrùn: kírómù á máa fà sí búlúù, ojú rẹ̀ á tutù, níkẹ́lì ní yẹ́lò díẹ̀ nínú, dídán rẹ̀ sì rọ ojú lọ́rùn. Níkẹ́lì ló ń ṣú. Afẹ́fẹ́ àti òógùn á kọ́kọ́ gba dídán ara rẹ̀, á di àwọ̀ eérú, á wá máa fà sí àwọ̀ ewé níbi tí òógùn ti máa ń dúró. Kírómù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè pé 20 ọdún kó ṣì máa dán, àfi ibi tí ó bá ti lu tàbí tó ti bó. Títí di nǹkan bíi 1965 ni Gibson fi ń lo níkẹ́lì kí wọ́n tó bọ́ sórí kírómù, ìdí sì nìyẹn tí irin àwọn gìtá wọn tó ṣáájú ìgbà yẹn fi máa ń ṣú tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹni tó tà á fún ọ bá lè gba bíríìjì yẹn padà kó fún ọ ní oníníkẹ́lì, ìyẹn ni kó o ṣe. Iṣẹ́ rẹ á fúyẹ́.

Kí ló wà lábẹ́ ohun tí wọ́n fi bò ó? Mú òòfà. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn gbọn-in, irin gidi ni. Bí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ idẹ, ṣùgbọ́n lára ohun olówó pọ́ọ́kú, síńkì tí wọ́n yọ́ dà sínú àdàgbá ló sábà máa ń jẹ́. Má ṣe gbé síńkì sún mọ́ ásíìdì. Ásíìdì á gba abẹ́ kírómù wọlé, á máa jẹ ẹ́ látinú, ìyẹ̀fun funfun á máa jáde, ojú rẹ̀ á sì wú. Kò ní jọ ohun tó ti pẹ́ láyé. Á kàn jọ ohun tó bàjẹ́.

Gángan-àti-Gìtá (Òṣogbo)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Òde jùjú àṣemọ́jú ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá ń ta gìtá láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí òógùn ń kán sórí bíríìjì, kò nílò ásíìdì. Kí ló ń lé wa? Ẹ máa ta á, irin náà á gbó fúnra rẹ̀. Gìtá tí kò bá tíì gbó, ẹ jẹ́ kó hàn pé kò tíì gbó.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé mo mọ olórin ìjọ kan tí wọ́n ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ fún ní owó ńlá, tí wọ́n sọ pé ti ọdún 1960 sí 1969 ni. Irin tó ṣú ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí fún un. Gìtá náà kò ju ọdún díẹ̀ lọ.

Ará Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Bọ̀dá Gángan, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo gìtá Rory Gallagher, olórin onígìtá ará Ireland. Stratocaster ọdún 1961 ni, ní ìlú Cork ló ti rà á ní 1963. Òógùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó fi sáńpépà ṣe é. Wọ́n tà á ní gbàǹjo níbí ní 2024, ó ju 800,000 pọ́n-ùn lọ, wọ́n sì gbé e lé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Ireland lọ́wọ́. Ohun kan tún wà lára rẹ̀ tó gbe yín lẹ́sẹ̀: kíì orí rẹ̀ kò bára mu. Márùn-ún jẹ́ oríṣi kan, ẹ̀kẹfà jẹ́ òmíràn. Ohun tó bàjẹ́ ló pààrọ̀, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n èmi kò rí ohun tó burú nínú ohun tí Okùn Mẹ́fà ń bèèrè. Gìtá rẹ̀ ti gbó ní tòótọ́. Irin méjì péré ni kò bá a dọ́gba. Bí ẹni bá pààrọ̀ pákó kan lára ilẹ̀kùn ìyá àgbà rẹ̀, tó kùn ún kó bá ìyókù mu, irọ́ wo ló pa?

Bàbá Píkọ́ọ̀pù (Sùúrùlérè)

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀nà láti yanjú rẹ̀ wà, àwọn Fender fúnra wọn ló sì kọ́ wa. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù tàbí òǹtẹ̀ kọ ọjọ́ sí ìdí ọrùn gìtá, níbi tó wọnú ara igi. Àbúrò, bí o bá tú ọrùn tìrẹ, fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú àpò tí ọrùn wọ̀: bíríìjì àti kíì tuntun, oṣù báyìí, ọdún báyìí, èmi ni mo mú wọn gbó. Ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ iwájú á rí i. Mo máa ń ṣe é lára gbogbo gìtá tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, n kò sì ní bá ẹni tó kọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí iṣẹ́.

Kọ́kọ́ tú ohun gbogbo palẹ̀. Sìkúrù tín-ín-rín tó ń gbé okùn sókè, sípíríǹgì, irin mẹ́fà tí okùn ń gbà lórí wọn, yọ gbogbo wọn sọ́tọ̀. Sìkúrù tín-ín-rín yẹn kò gbọdọ̀ rí ásíìdì láéláé. Òun ló dá bíríìjì rẹ àkọ́kọ́ dúró, kò sì sí ìdí láti fọwọ́ ara ẹni dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀. Kíì náà, má rì í sínú ohunkóhun. Eyín wà nínú rẹ̀, gíríìsì sì wà lára eyín náà. Òwú tí wọ́n wé mọ́ igi tín-ín-rín, èyí tí wọ́n fi ń nu etí, ni kó o máa fi kan ojú rẹ̀ nìkan. Píkọ́ọ̀pù, ohun tó wà lábẹ́ okùn tó ń gbé ohùn wọn lọ sínú wáyà? Má tilẹ̀ gbé e dé tòsí. Wáyà bàbà inú rẹ̀ tín-ín-rín, kò nípọn tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà kan. Bí èéfín ásíìdì bá kàn án, ó lè já lẹ́yìn oṣù mélòó kan, o ò sì ní mọ ohun tó pa á. Bí ó bá jẹ́ oníbo irin, yọ ìbo náà kó o tó ṣe é.

Èyí tó rọrùn jù ni fínígà funfun àti iyọ̀. Fi ọṣẹ fọ irin náà kí ọ̀rá ọwọ́ kúrò, nítorí ibi tí ọ̀rá ìka bá wà, fínígà kò ní mú un, ojú ìka rẹ á sì hàn síbẹ̀. Da iyọ̀ sínú fínígà títí kò fi ní yòrò mọ́. Rẹ bébà ìnuwọ́ sínú rẹ̀, wé e mọ́ irin, kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, dì í. Ṣí i wò lọ́jọ́ kejì. Níkẹ́lì á ti ṣú, ibì kan á ju ibòmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Bí kò bá tíì tó, tún un ṣe.

Èyí tó yá ju ìyẹn lọ ni ferric chloride, omi pupa tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń jẹ bàbà kúrò lára bóòdù inú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni níkẹ́lì fi ń pàdánù dídán rẹ̀ nínú rẹ̀. Fi òwú kàn án lójú, nù ún kúrò kíá. Bí ó bá kán sí aṣọ, gbàgbé aṣọ náà.

Àwọn tó ń ṣe é fún ọjà ń lo èéfín hydrochloric acid, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú omi ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń ri irin sínú rẹ̀ o. Ife gíláàsì kékeré kan tí ásíìdì wà nínú rẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀ korobá oníke tó ní ìdérí, wọ́n á fi okùn ọ̀rá so irin rọ̀ sókè, wọ́n á sì dé e. Ìṣẹ́jú 10-10 ni kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìnkùlé, ní gbangba, ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Èéfín yẹn á wá gbogbo irin tó wà nítòsí kàn: púláyà, okùn gìtá tó wà lára ògiri, gbogbo wọn á dógùn-ún.

Okùn Mẹ́fà (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin Bàbá. Mo fi òòfà wò ó. Ó lẹ̀ mọ́ bíríìjì gbọn-in, kò lẹ̀ mọ́ ìbo ẹ̀yìn kíì. Ìbéèrè kan: oníbátìrì wà ládùúgbò wa tó ń ta ásíìdì bátìrì. Ṣé mo lè fi ìyẹn dípò?

Àǹtí Kẹ́mísìrì (Abẹ́òkúta)

Rárá o, àbúrò mi. Mo ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé girama ní kẹ́mísìrì, èmi náà sì ń ta gìtá bèsì ní ìjọ wa, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ dáadáa níbí.

Sulphuric acid ni ti bátìrì. Kì í rú èéfín ní afẹ́fẹ́ lásán bíi ti hydrochloric acid. Bó o bá so irin kọ́ sókè orí rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò ní sí nǹkan kan. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó jó awọ ara àti kó lu aṣọ. Fi sílẹ̀ fún oníbátìrì.

Ti hydrochloric acid, èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Omi inú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń padà di ásíìdì. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò dá a dúró. Ẹni tó bá máa ṣí korobá yẹn, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, awò tó bo ojú yíká, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní láti là á, ásíìdì ni kí ẹ dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sínú ásíìdì, nítorí ó lè hó lójijì kó ta sí yín lójú.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ rèé. Hypo, Jik, gbogbo ohun tí a fi ń bó aṣọ funfun: kò gbọdọ̀ pàdé ásíìdì, kò gbọdọ̀ pàdé fínígà pàápàá. Èéfín chlorine ló ń jáde, ó sì ń pààyàn. Ẹ má fi korobá tí ẹ ti fi po Hypo ṣe iṣẹ́ yìí láìfọ̀ ọ́ dáadáa. Ammonia náà, tí àwọn kan fi ń mú idẹ ṣú, kò gbọdọ̀ pàdé Hypo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tọ́jú ásíìdì sínú ìgò omi mímu. Ọmọ kékeré kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi, àgbàlagbà tí òùngbẹ ń gbẹ lóru kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nínú ìgò tó bá wá ni kó wà, kí orúkọ rẹ̀ hàn lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tọ́mọdé kò lè dé.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ po baking soda mọ́ omi, kẹ́ ẹ rì irin náà sínú rẹ̀. Á hó. Bí kò bá hó mọ́, ásíìdì ti kú. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ife náà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má sì dà á sẹ́bàá kànga, nítorí níkẹ́lì àti kírómù ti yòrò sínú rẹ̀.

Gángan-àti-Gìtá (Òṣogbo)

Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa ìgò omi yẹn tó kí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù gbọ́. Mo ti rí i nínú ìgò omi rí, lábẹ́ tábìlì, tí ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù tí Bàbá sọ tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀, n kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀.

Ará Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju ásíìdì lọ kún un. Ohun tó ń tú irin tí wọ́n mú gbó fó ni pé gbogbo ojú rẹ̀ ṣú bákan náà. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwòrán gìtá kan tí ẹni kan fi ọdún púpọ̀ ta, kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún máa ń sinmi sórí bíríìjì, ní ẹ̀gbẹ́ okùn tó nípọn jù, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ dógùn-ún, nítorí iyọ̀ àti ásíìdì díẹ̀ wà nínú òógùn. Ẹ̀gbẹ́ okùn tín-ín-rín lè mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Orí kíì tí ìka ń yí, ìka ti ń nù ún lójoojúmọ́, nítorí náà etí rẹ̀ á máa dán nígbà tí kọ̀rọ̀ rẹ̀ á dúdú. Ìjókòó wáyà, níbi tí wáyà ti ń wọlé jáde, ara rẹ̀ á họ yíká ihò. Abẹ́ bíríìjì kì í rí òógùn rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí irin bá ti ṣú, iṣẹ́ kù. Ẹ mú aṣọ àti ìpara tí wọ́n fi ń dán idẹ, kẹ́ ẹ nu gbogbo ibi tí ọwọ́ máa ń kàn padà títí á fi tàn díẹ̀. Ibi tó yẹ kó dúdú, ẹ má kàn án. Mo máa ń jókòó ta gìtá náà díẹ̀ ná, kí n rí ibi tí ọwọ́ mi ń bọ́ sí gan-an.

Okùn Mẹ́fà (Ìbàdàn)

Ẹ̀gbọ́n Peckham, mo ti wo bíríìjì àtijọ́ náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín. Òótọ́ ni! Ẹ̀gbẹ́ okùn nípọn ti jẹ, òdìkejì ṣì ń dán díẹ̀. Ojú mi kò tíì kà á sí i tẹ́lẹ̀. Màá fi í ṣe àwòkọ.

Ẹni tó ta bíríìjì kò gbà á padà. Kírómù náà ni màá lò. Ọ̀nà wo ló wà fún un?

Bàbá Píkọ́ọ̀pù (Sùúrùlérè)

Kò burú, ó ṣeé ṣe. Kírómù tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ tín-ín-rín gan-an, kò tó máíkírọ́ọ̀nù kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mílímítà), níkẹ́lì tó nípọn jù ú lọ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ha á bó ṣe yẹ. Fi kànìnkànìn onírin tó kúnná jù lọ, tàbí sáńpépà 1000 pẹ̀lú omi, ha ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ń sinmi. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, máa yí ọwọ́ kiri kó má baà ní ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọ̀ tó ní yẹ́lò díẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ búlúù, níkẹ́lì lo dé yẹn. Ibẹ̀ ni fínígà á ti rí ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìyókù á dúró bí kírómù, bẹ́ẹ̀ náà ni bíríìjì oníkírómù tó ti gbó ní tòótọ́ sì ṣe máa ń rí, ó jẹ níbì kan, ó dán níbòmíràn.

Ìbo ẹ̀yìn kíì tí òòfà kò mú, síńkì ni màá kà á sí. Má fi fínígà kàn án. Aṣọ àti sáńpépà nìkan, kí dídán rẹ̀ wálẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Èkó-Àkéte (Lẹ́kì)

Ẹ kú ìjíròrò. Tèmi aláwọ̀ góòlù ni gbogbo irin rẹ̀, gìtá tuntun. Ṣé fínígà á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Àǹtí Kẹ́mísìrì (Abẹ́òkúta)

Góòlù kò dá fínígà lóhùn, kò tilẹ̀ dá hydrochloric acid lóhùn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi bo irin gìtá tín-ín-rín débi pé ọwọ́ lásán ń nù ún kúrò. Aṣọ àti ìpara tí wọ́n fi ń dán idẹ ti tó láti mú kí níkẹ́lì abẹ́ rẹ̀ yọ níbi tí ọwọ́ ń kàn. Lẹ́kì lẹ wà, létí òkun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yín á ṣe ìyókù fún yín láìpẹ́. Bí níkẹ́lì bá máa ń yún awọ ara yín, ẹ má ṣí i sílẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí góòlù náà bò ó bẹ́ẹ̀.

Okùn Mẹ́fà (Ìbàdàn)

Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn sìkúrù tó de bíríìjì mọ́ igi, wọ́n wà nínú fínígà báyìí. Bí wọ́n bá jáde, kí ni kí n fi pa wọ́n kí ìpáàrà má baà máa bá a lọ?

Bàbá Píkọ́ọ̀pù (Sùúrùlérè)

Baking soda bí Àǹtí ṣe sọ, omi tó mọ́, kó o sì sá a sóòrùn kó gbẹ dé inú ojú sìkúrù. Lẹ́yìn náà òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹyọ kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nù ún kúrò. Kó o tó dè wọ́n padà, fi ọṣẹ gbígbẹ díẹ̀ pa eyín wọn kí igi má baà fọ́. Sìkúrù tín-ín-rín inú bíríìjì, ra àwọn tí kì í dógùn-ún, má mú wọn gbó, kó o sì máa kán òróró sí wọn nígbàkúùgbà tó o bá ń pààrọ̀ okùn.